Ọdún Tí Ọ̀rá Ehoro Pọ́n Rúsúrúsú

Ẹ bá mi pa jẹnẹrétọ̀ yẹn ná. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín, ariwo wà nínú ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe irú ariwo yìí. Ẹ jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ máa tẹ fóònù rẹ̀ kó máa tẹ̀ ẹ́, etí nìkan ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín.

Abúlé tí wọ́n bí mi sí kò jìnnà sí Ìkòyí-Ilé. Ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ tí ẹ sìn mí lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò kàn mọ̀ ni, torí nígbà tí mo ní kí ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún, ilé búlọ́ọ̀kù àti ilé epo ni ẹ rí. Nígbà tiwa, pápá ni gbogbo ibẹ̀. Lẹ́yìn òjò, koríko á ga ju orí àgbàlagbà lọ, igi emi àti igi igbá á dúró káàkiri láàárín ẹ̀. Tí ọyẹ́ bá wá dé, tí koríko bá gbẹ, ìgbà náà ni bàbá mi máa ń tú àwọ̀n wọn sílẹ̀.

Ọdẹ àwọ̀n ni bàbá mi, àwọn sì ni olórí ọdẹ àwọ̀n lábúlé wa. Ẹ mọ ọdẹ oníbọn, ẹ ò lè mọ ọdẹ àwọ̀n, torí wọ́n ti tán nílẹ̀. Okùn tí bàbá arúgbó kan ń lọ́ fún wọn ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi ń hun àwọ̀n náà. Ọ̀kan ṣoṣo gùn láti ẹnu ọ̀nà yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ike lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Wọ́n á nà án sí etí pápá, wọ́n á fi igi gbé e dúró, wọ́n á so àfọ́kù igbá mọ́ ọn lára kó lè máa dún tí nǹkan bá kọlù ú. Àwa yòókù, àtọkùnrin àtobìnrin, a ó yí lọ sí òdìkejì pápá, a ó tò lọ bẹẹrẹ, a ó wá dúró.

Ìdúró yẹn ni mo ń rántí jù. Gbogbo wa á dákẹ́. Èèyàn á máa gbọ́ bí koríko gbígbẹ ṣe ń ta pẹ́pẹ́ nínú oòrùn àárọ̀, á máa gbọ́ èémí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi á wá súfèé lẹ́ẹ̀kan, súfèé tó gùn, gbogbo pápá á sì dàrú. A ó máa lu garawa, a ó máa fi ọ̀pá na koríko, a ó máa hó bọ̀ bí ẹni tó ń lé ogun. Ẹ ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ibi tí ẹ bá ti rí i tí koríko ń yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níwájú wa, ehoro ló ń sáré níbẹ̀. Tó bá kọlu àwọ̀n, àfọ́kù igbá á dún wàràwàrà, ehoro á ké. Ehoro kì í ké láyé rẹ̀ àfi lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, igbe rẹ̀ sì jọ ti ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ kan igbe tí a gbọ́ yàtọ̀. Nígbà tí a sáré dé ibẹ̀, ewúrẹ́ ìyá ìyàwó bàbá mi ló ta kókó sínú àwọ̀n, tó ń wò wá bí ẹni pé àwa la jẹ ẹ́ ní gbèsè àlàyé. Bàbá mi tú ewúrẹ́ náà fún bí wákàtí kan, wọ́n sì fi okùn fà á délé.

Tí ọdún Ògún bá dé, wọ́n á kó gbogbo àwọ̀n jọ síwájú ilé baálé, wọ́n á wọ́n ẹmu sí i, a ó jẹ iṣu sísun títí ẹnu á fi dúdú. Ẹni tó bá jẹ́ mùsùlùmí á jẹ iṣu, á fi ẹmu sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí wọn ò yìnbọn. Láàyè ni ẹni tó ń ra ehoro lọ́wọ́ wa fẹ́ ẹ. Alàájì Sule ni orúkọ wọn, Sábó ni wọ́n ń gbé níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Màlúù ni wọ́n ń tà tẹ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Àwọn èèyàn Sábó kì í jẹ òkú ẹran, ó di dandan kí wọ́n dúńbú ehoro kí wọ́n sì dárúkọ Ọlọ́run sí i. Nítorí náà, inú àgò tí a fi ń kó adìẹ la ń kó ehoro sí, a ó gbé wọn wọ lọ́rì, a ó sì gbé wọn dé ẹ̀yìnkùlé Alàájì. Alàájì á fi ọwọ́ ara wọn dúńbú, èmi á bó awọ, èmi á la ikùn. Láti ìgbà tí mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń ṣe é. Nígbà tí mo fi di ọmọge, mi ò rò pé ẹnì kan wà ní gbogbo agbègbè yẹn tó mọ inú ehoro jù mí lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rá rẹ̀ kì í pọ̀, pé ìwọ̀nba tó ní, etí kíndìnrín ló máa ń wà, àti pé funfun ni, funfun bí òrí tuntun.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, òjò rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gbé afárá tó wà lójú ọ̀nà wa lọ, lọ́rì kankan ò lè wọ abúlé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Opó kan wà ládùúgbò wa, Ìyá Adúkẹ́, tó ti gbin elégédé sí gbogbo ilẹ̀ tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ lẹ́bàá odò. Elégédé náà so bí ẹni pé wọ́n sọ òkò sílẹ̀. Ọjà oríta Takie níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n fẹ́ kó o wá. Nígbà tí omi fi máa fà, àwọn tó ń rà á ti rí ti ẹlòmíràn rà, tiwọn ti ń rọ̀. Wọ́n kó díẹ̀ wálé, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ nínú oko, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ elégédé lójú àwọn mọ́.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé la bẹ̀rẹ̀ ọdẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a kó ehoro lọ sí Sábó, mo ti la méjì, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo la ẹ̀kẹta, mo dá ọwọ́ dúró. Ọ̀rá etí kíndìnrín rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bíi pupa inú ẹyin awó. Mo fi ìka nù ún, mo rò pé òróòro ló tú sí i. Kò nù.

Mo ní, “Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan.”

Wọ́n wá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n yíjú sí mi.

“Ibo ni bàbá rẹ ti mú eléyìí?”

“Inú pápá wa náà ni, sà.”

“Ṣé ara rẹ̀ ò yá nígbà tí ẹ mú un ni?”

“Rárá, sà. Òun ló sáré jù nínú gbogbo wọn.”

A la ìyókù. Mẹ́rin tún wà nínú wọn tó rí bẹ́ẹ̀. Alàájì fọ ọwọ́, wọ́n jókòó sórí àpótí wọn. Wọ́n ní, “Ọmọ Aláwọ̀n, mi ò sọ pé kò dáa, mi ò sì sọ pé ó dáa. Ohun tí mi ò bá mọ̀, mi kì í tà á fún èèyàn. Sọ fún bàbá rẹ pé kó má bínú.”

Bó bá mọ síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Àmọ́ oníbàárà kan wà nínú àgbàlá náà tó rí ohun tí a rí. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀rọ̀ ti dé Takie pé àwọn ọdẹ ọ̀nà Ìkòyí ń fi oògùn apakòkòrò pa ehoro, pé ẹran wọn ti pọ́n nínú bí ẹni tó ní ibà. Ẹni tó sì ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri ni Lámídì. Ọdẹ oníbọn ni Lámídì, ó ti pẹ́ tó ti ń wá bí yóò ṣe ta ẹran ìgbẹ́ ní Takie láìsí pé wọ́n ń béèrè ti bàbá mi. Ó ń rìn kiri pé, “Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ta ló lè máa fi ọwọ́ mú ehoro láàyè lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀? Wọ́n ń fún un ní nǹkan jẹ ni.”

Ẹ̀yin ọmọ, nígbà yẹn kò sí fóònù, àmọ́ ọ̀rọ̀ burúkú kò dúró de fóònù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń gbé ní Ọ̀yọ́ ti rán awakọ̀ kan sí wọn pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń fi májèlé pa ẹran fún èèyàn jẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dun bàbá mi jù. Wọ́n ká àwọ̀n wọn, wọ́n gbé e sókè àjà. Àwọn ọdẹ yòókù náà ká tiwọn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ìyá mi pé ìbátan wọn kan wà ní Ìbàdàn tó lè bá wọn wá iṣẹ́ mégáàdì. Ọkùnrin tó mọ ìdí gbogbo igi inú pápá yẹn fẹ́ lọ jókòó ti géètì olówó.  

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà lọ sí Sábó lémi nìkan. Mo kúnlẹ̀ kí Alàájì. Mo ní, “Ẹ ti ta màlúù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí màlúù bá ní ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀, báwo lẹ ṣe ń mọ̀?”

Wọ́n wò mí dáadáa. Wọ́n ní, “Kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń pọ́n. Tó bá jẹ́ àìsàn ni, ibi gbogbo tó yẹ kó funfun ló máa pọ́n. Wo ẹyinjú rẹ̀. Wo iṣan tó so ẹran mọ́ eegun. Wo orí eegun níbi oríkèé. Wo ẹ̀dọ̀ bóyá ó wú. Tí gbogbo ìyẹn bá mọ́, tó jẹ́ ọ̀rá nìkan ló pọ́n, nǹkan tó jẹ ni kó o lọ wá.”

Mo dúpẹ́, mo sáré délé. Ehoro mélòó kan tí a mú kẹ́yìn kí wọ́n tó ká àwọ̀n ṣì wà nínú àgò lẹ́yìn ilé wa, bàbá mi ò tà wọ́n, wọn ò sì ní ọkàn àtitú wọn sílẹ̀. Mo pa ọ̀kan, mo là á lórí òkúta. Ọ̀rá rẹ̀ pọ́n. Ẹyinjú rẹ̀ funfun. Iṣan rẹ̀ funfun bí òwú. Orí eegun rẹ̀ ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ funfun, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì jọ̀lọ̀, ó dúdú bó ṣe yẹ. Mo wá ṣe ohun tí mi ò ṣe rí, mo la àpòlúkù rẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀ pupa rúsúrúsú bí àsáró elégédé tó wà lórí iná. Nígbà tí mo gbé e sún mọ́ imú, mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti jẹ elégédé rí máa mọ̀ ọ́n.

Mo lọ bá Ìyá Adúkẹ́. Mo ní kí wọ́n mú mi lọ sóko. Wọn ò fẹ́ lọ, wọ́n ní kí ni mo fẹ́ lọ wò níbi tí òfò ti ṣe wọ́n. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi wọ bàtà. Nígbà tí a débẹ̀, a dúró, a ń wò. Kò sí elégédé kan tí eyín ò tíì kàn. Wọ́n ti họ ọ́ wọ inú, wọ́n ti sọ ọ́ di ihò bí ìkòkò tó fọ́, gbogbo ilẹ̀ kún fún ìgbẹ́ ehoro róbótó-róbótó.

Ìyá Adúkẹ́ ní, “Àṣé èmi ni mo ń bọ́ gbogbo ehoro Ìkòyí láti ọjọ́ yìí.”

Mo mọ̀ nínú ara mi pé mo ti rí i. Àmọ́ mo tún mọ̀ pé tí mo bá lọ sí Takie láti lọ sọ ọ́ lẹ́nu lásán, Lámídì máa rẹ́rìn-ín ni. Mo fẹ́ kí ojú wọn rí i. Mo wọlé tọ bàbá mi lọ, mo ní, “Bàbá, ẹ bá mi na àwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Kì í ṣe fún títà. Ọ̀nà orí òkè ni kí ẹ nà án sí, níbi tí ehoro ò ti lè dé oko elégédé.” Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.  Bàbá mi ní, “Ẹ̀yin mélòó lẹ gbà á gbọ́?” Mo ní, “Èmi àti Ìyá Adúkẹ́.” Wọ́n dìde, wọ́n ní kí n bá àwọn di àkàbà mú.

Ehoro méje la rí mú lórí òkè. A pa méjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀rá wọn funfun. Márùn-ún tó kù, mo kó wọn sínú ilé ìdáná àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, mo fi àpò bo àgò wọn kí ẹ̀rù má baà pa wọ́n. Mẹ́ta ni mo fi elégédé bọ́, èyí tó ṣẹ́kù tó dáa nílé Ìyá Adúkẹ́. Méjì ni mo fi koríko gbígbẹ àti èèpo gbágùúdá bọ́. Ẹ ò lè mọ bí wọ́n ṣe fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní èmi nìkan ni ọmọge tó ń gbé oúnjẹ fún ehoro nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gbé oúnjẹ fún àfẹ́sọ́nà. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń jẹ koríko wá já lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì gba àárín ilé kéwú kọjá. Gbogbo ọmọ kéwú ju wàláà sílẹ̀, wọ́n gbá tọ̀ ọ́. Wàláà mẹ́ta fọ́. Àlùfáà wá bá bàbá mi, ó ní òun ò bínú, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn nìkan ni òun rí i tí àwọn ọmọ náà yára dìde fún nǹkan kan.

Ó lé ní oṣù kan tí mo fi bọ́ wọn. Àràárọ̀ ni mò ń tún ibẹ̀ gbá, àràárọ̀ ni mò ń wo ẹyinjú wọn. Nígbà tí elégédé kù bíi mẹ́ta, mo sọ fún bàbá mi pé ó tó. Bàbá mi rán ẹnì kan sí Alàájì. Alàájì ní kí a kó wọn wá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, nígbà tí èrò máa pọ̀. Àwọn fúnra wọn ló ránṣẹ́ sí Lámídì àti àwọn tó ń ta ẹran ní Takie.

Ẹ̀yìnkùlé Alàájì kún lọ́jọ́ yẹn débi pé àwọn kan gun orí ògiri. Mo dúró láàárín wọn pẹ̀lú ọ̀bẹ mi. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá Adúkẹ́ dúró tì mí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, elégédé àwọn ni.

Èyí tó jẹ koríko ni Alàájì kọ́kọ́ dúńbú. Mo là á. Ọ̀rá rẹ̀ funfun. Mo gbé e sókè kí wọ́n rí i. Lẹ́yìn náà, àkọ́kọ́ nínú àwọn tó jẹ elégédé. Mo là á, ó pọ́n rúsúrúsú. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Lámídì ní, “Májèlé ọ̀hún nìyẹn.”

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá Lámídì, èmi ni mo fi ọwọ́ mi bọ́ ọ. Ẹran orí òkè ni, ọ̀rá àwọn tí a mú pẹ̀lú rẹ̀ funfun. Kò jẹ nǹkan míì ju elégédé lọ.”

Alàájì dúńbú èkejì. Ó tún pọ́n. Ó wá ku ẹ̀kẹta. Mo là á. Funfun ni. Ó jẹ elégédé kan náà, nínú ilé kan náà, iye ọjọ́ kan náà, ọ̀rá rẹ̀ sì funfun bí òrí.

 Lámídì rẹ́rìn-ín, ó ní, “Elégédé gbàgbé eléyìí ni?” Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú bàbá mi, wọn ò gbójú kúrò lára mi. Mo lè pa irọ́. Mo lè sọ pé eléyìí ò jẹun dáadáa. Àmọ́ mo ní, “Gbogbo wọn ni mo bọ́ bákan náà. Ìdí tí eléyìí fi funfun, mi ò mọ̀ ọ́n.”

Alàájì fi ọ̀pá wọn tilẹ̀, wọ́n dìde. Wọ́n ní, “Èmi lè sọ ohun tí mo rí. Mo ti da màlúù méjì lórí koríko kan náà rí, abo kan ló bí àwọn méjèèjì. Nígbà tí mo pa wọ́n, ọ̀rá ọ̀kan pọ́n, ti èkejì funfun. Mo jẹ àwọn méjèèjì, mo sì wà níbí. Ohun tí ẹran jẹ ló ń kun ọ̀rá, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ló ń gba ọ̀dà yẹn. Ọmọ yìí ò parọ́ fún yín. Ẹni tó fẹ́ parọ́ ì bá ti wá àwáwí fún ẹ̀kẹta.”

Wọ́n gba orí àwọn ehoro náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka ṣí ẹyinjú wọn síta, wọ́n ní kí àwọn tó ń ta ẹran sún mọ́ ọn. Wọ́n fi iṣan hàn wọ́n, wọ́n fi oríkèé hàn wọ́n, wọ́n gbé ẹ̀dọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Àwọn alápatà wò ó fínnífínní, torí iṣẹ́ wọn ni. Àgbà nínú wọn ní, “Kò sí àìsàn nínú ẹran yìí. Èmi máa tà á.”

Ìyàwó Alàájì ti dá iná. Wọ́n gé ẹran náà sí wẹ́wẹ́, tọ̀rá-tọ̀rá, wọ́n fi iyọ̀ àti ata gbígbẹ pa á lára, wọ́n sun ún. Alàájì mú àkọ́kọ́, ó kan bàbá mi, ó kan èmi. Lẹ́yìn ìyẹn mi ò rí àwo náà mọ́, ọwọ́ ló bò ó. Ìgbà tó yá ni mo rí Lámídì létí ògiri, tó ń jẹ. Ó rí mi. Ó nu ẹnu, ó ní, “Ọ̀rá yìí dùn o, ọmọ Aláwọ̀n.” Mo ní kó rọra jẹ ẹ́. Ó tún na ọwọ́ gba òmíràn.

Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àwọn ìyálé Sábó ti ń béèrè èyí tó jẹ elégédé. Wọ́n ní ọbẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀. Ìyá Adúkẹ́, tí wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ elégédé tẹ́lẹ̀, wá ń fi í yangàn, wọ́n ní àwọn ni ìyá gbogbo ehoro Ìkòyí. Ọ̀rọ̀ mégáàdì Ìbàdàn kú síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá mi tún fi na àwọ̀n, títí ó fi rẹ̀ wọ́n, títí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn pa koríko oko, tí ọ̀kadà sì gba gbogbo pápá. Ehoro inú ilé tí ẹ ń rí nínú àgò lónìí, àpò ni wọ́n ti ń da oúnjẹ fún un. Kò sẹ́ni tó ń súfèé kó tó wá.

Ṣadé tó jókòó síbẹ̀ yẹn, tó ń kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì, ó wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Ó ní, “Ìyá àgbà, wọ́n kọ́ wa pé ohun kan wà nínú elégédé àti àgbàdo pupa tó ń wọ inú ọ̀rá ẹran, pé àwọn ehoro kan ní ohun tó ń fọ́ ọ nínú ara wọn láti ìgbà ìbí, àwọn kan ò ní in.” Ó rò pé ẹnu máa yà mí. Mo ní, “Mo ti la ìwé yẹn kí wọ́n tó bí ìyá rẹ, orí òkúta ni mo ti là á.” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo wá sọ ohun tí Alàájì sọ fún mi fún un, kó máa wo ẹyinjú kó tó fọkàn balẹ̀, torí ọ̀rá lè pọ́n nítorí àìsàn náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n parí ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Nígbà tí ẹran tán, èmi àti bàbá mi fi ẹsẹ̀ rìn láti Sábó wá sí Takie kí a lè wọ lọ́rì. Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú wa débẹ̀. Àwọn tó ti ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n bá rí bàbá mi ń dìde kí wọn, “Ẹ kú ìrìn o, Bàbá Aláwọ̀n. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.” Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Nílé gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ lèèyàn lè gbọ́ ohùn wọn. Mo rò pé wọ́n máa kàn mi orí, kí a sì kọjá lọ.

Wọ́n dúró. Ní àárín oríta Takie, tí lọ́rì ń fun fèrè, tí àwọn aláàárù ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ọwọ́ yẹn le koko nítorí okùn. Wọ́n gbé ohùn sókè tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà ní ìsọ̀ òdìkejì bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n ní, “Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ mi nìyí. Òun ló gba orúkọ mi padà lọ́wọ́ yín.”

Mo ti ṣe ìyàwó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti gbé ọmọ pọ̀n, mo ti kọ́lé, wọ́n ti fi mí jẹ ìyálóde ìjọ wa. Síbẹ̀, lọ́kàn mi, oríta yẹn ni mo ṣì dúró sí pẹ̀lú aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ehoro ta sí, tí mo ga ju gbogbo lọ́rì tó wà níbẹ̀ lọ.